Ìgò Kan fún Ìbejì

"Gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ lé e," ni ẹ̀rọ náà wí.

Kẹ́hìndé gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ìgò kékeré tó wà lórí pẹpẹ. Táyélolú dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó bá a di àpò rẹ̀ mú, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́rú láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré. Ìgò náà wo ọwọ́ náà dáadáa. Lẹ́yìn náà iná pupa tó wà lọ́rùn rẹ̀ di àwọ̀ ewé, ìdérí rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, ó sì dún "ṣíọ̀", bí ẹni tó ń fi ènìyàn ṣẹ̀sín.

"Mu ún tán. Má sọ̀rọ̀ títí yóò fi kọjá ọ̀nà ọ̀fun."

Kẹ́hìndé gbé e mì. Táyélolú ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ti lọ sókè tó tún padà sísàlẹ̀. Ó mọ ọ̀fun yẹn ju tirẹ̀ lọ. Inú ikùn kan náà ni wọ́n ti wá, àìsàn kan náà ni wọ́n bí mọ́ àwọn méjèèjì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n ojú Kẹ́hìndé funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ojú tirẹ̀ sì rí bí omi ìyeyè. Bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn Ilé Ìṣí tí wọ́n ti ń gba oògùn yìí, Kẹ́hìndé a máa fò ó lọ. Òun a máa dúró ní àárín, a ṣe bí ẹni tó ń wo ìlú.

"Ó ti parí," ni ẹ̀rọ wí. "Kí Ọlọ́run bá ọ lọ."

Àwọn ará Òkè-Ìtura ló kọ́ ọ ní gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí kò mọ àdúrà kò yẹ ní ẹni tí ń pín oògùn.

Ní ojú fèrèsé kejì, obìnrin kan ń bá ẹ̀rọ ibẹ̀ jà.

"Mo ní kí o gbé orúkọ oògùn ilé wa sórí Ọmọ́lará," ni obìnrin náà ń wí. "Òun ló ń tọ́jú mi. Bọ̀dá rẹ̀ ti lọ sí ìdálẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn."

"Ẹnì kan ṣoṣo fún ilé kan, àgbà ilé ló ni orúkọ," ni ẹ̀rọ dá a lóhùn. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó wọ bàtà tó há a lẹ́sẹ̀. "Àgbà ni àkọ́bí. Àkọ́bí ni ẹni tó kọ́kọ́ jáde nínú ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù. Kì í ṣe ẹni tó ń tọ́jú yín. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni."

Àpò Kẹ́hìndé bọ́ lọ́wọ́ Táyélolú.

"Kí ló dé?" Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e. "Ṣé egungun ló ń dùn ọ́?"

"Rárá. Ọwọ́ mi ló yọ̀."

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé. Orí òkè ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí nígbà tí òkun gba ilẹ̀ àwọn baba wọn, nítorí náà kò sí ibi tí ènìyàn ń lọ níbẹ̀ tí kì í gun òkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́hìndé ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó rẹ̀ tí yóò wáyé lẹ́yìn ìkórè. Ó ń sọ irú aṣọ tí Olúmuyìwá fẹ́ wọ̀, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Táyélolú ń dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni" àti "ó dára". Òun gan-an ni Olúmuyìwá kọ́kọ́ kí ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìrora dá Táyélolú dùbúlẹ̀, Kẹ́hìndé ló sì dúró ní ẹnu ọ̀nà náà.

Wọ́n máa ń wàásù fún wọn pé ìlara a máa jẹ egungun ènìyàn. Ohun mìíràn ti ń jẹ egungun Táyélolú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nígbà mìíràn tó bá dùbúlẹ̀ tó ń yíra, kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́.

Ìyá wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, jókòó lábẹ́ òrùlé iwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kẹ́hìndé gbé àpò sílẹ̀, ó kí i, ó sì kọjá lọ sí ìdánrawò orin. Táyélolú jókòó ti ìyá rẹ̀, ó bu ẹ̀gúsí sí itan, ó ń bá a bó o.

"Màmá, nínú àwa méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ jáde?"

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín. "Ṣé orúkọ rẹ kò sọ ọ́ ni? Ìwọ ni. O jáde, o figbe ta bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó sínú jẹ́jẹ́, ó ń tẹ́tí bóyá ayé dùn. Ìgbà tó gbọ́ ariwo rẹ, ó ní, bí Táyé bá lè ké báyìí, a jẹ́ pé oúnjẹ wà níbẹ̀. Ló bá tẹ̀ lé ọ."

"Nígbà tí ẹ̀rọ wá béèrè orúkọ ńkọ́?"

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Ó béèrè pé, nínú àwọn ọmọ yìí, ta ni àgbà? Ẹ̀yin méjèèjì wà lọ́mú mi, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo ní Kẹ́hìndé ni. Ta ni kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò? Ìyá wo ní ilẹ̀ yìí ni ìbá dáhùn lọ́nà mìíràn?"

"Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, Màmá."

"Mo ti wá mọ̀." Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀, Táyélolú?"

"Kò sí nǹkan. Mo kàn béèrè ni."

"Ọmọ mi, mo ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí eékún mi fi le bí awọ. Ọlọ́run tó fún mi ní méjì kò ní í sọ pé kí n yan ọ̀kan."

Ó wà lẹ́nu Táyélolú láti sọ fún un pé ó ti yàn tipẹ́tipẹ́. Ó ju ẹ̀gúsí kan sínú igbá, ó sì mú òmíràn.

Ní ọjọ́ kejì ó padà sí Ilé Ìṣí, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyèdé, tó ń bójú tó ibẹ̀, jókòó lórí àpótí, orí rẹ̀ tó ti pá ń dán nínú òòrùn, ó ń jẹ ẹ̀pà bíbọ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Táyé ni àbí Kẹ́hìndé?"

"Táyé ni, sà."

"Mo ti mọ̀. Kẹ́hìndé kì í mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun òkè." Kò fi ṣe ẹ̀gàn, bí ó ti máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. "Jókòó. Jẹ ẹ̀pà."

Ó jókòó, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un láìfi ohunkóhun pamọ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó fọ ẹ̀pà kan, ó wò ó kó tó jù ú sẹ́nu.

"Bó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ jáde, òfin ní ìwọ lo ni ìgò. Èyí kò le rárá. Wàá pe ẹjọ́, Adájọ́-Òkèèrè yóò béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì rẹ̀. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n láti inú ìṣàn ẹ̀jẹ̀ yín. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un rí tó jẹ ẹ́ gbé."

"Màmá mi ńkọ́, sà?"

"Ìyá yín ti sọ tirẹ̀ nígbà tó ń fún yín lọ́mú. Òfin kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu kan."

"Ṣé yóò pẹ́?"

"Kò ní pẹ́ tó kí n jẹ ẹ̀pà yìí tán. Lóòótọ́, òfin ní títí ẹjọ́ yóò fi parí, kí wọ́n máa fún àwọn méjèèjì ní oògùn, ẹni tó pe ẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n pè. Wọn kò fẹ́ kí òkú máa jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹjọ́ ìgò tó sùn di ọjọ́ kejì níhìn-ín. Adájọ́ béèrè, ẹ dáhùn, ó tán. Ọ̀kan á máa sunkún lọ sílé."

Láti ibi tí Táyélolú jókòó sí, ó ń rí ẹ̀rọ apoògùn náà lẹ́yìn gíláàsì, ó funfun, ó ga ju ènìyàn lọ, kò sì ṣe nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyèdé rí i pé ó ń wò ó.

"Èyí tí o ń wò yẹn lè po oògùn tí yóò tó gbogbo Òkè-Ìtura láàárín òwúrọ̀ kan. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dán an wò. Kì í ṣe oògùn ni kò tó, ọmọ mi. Àṣẹ ni kò tó. Àwọn tó ni ìlànà pípò rẹ̀ lókè òkun sọ pé ìlà kẹta ni ilẹ̀ wa wà nínú àwọn tí wọn yóò pín in fún, ẹni kan ṣoṣo fún ilé kan. Ní ṣọ́ọ̀bù ìlú tiwọn, ẹ̀gbẹ́ bisikíìtì ni wọ́n ń tò ó sí."

"Kí ló dé tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó kọ́ ilé kò ní rí èrè iṣẹ́ rẹ̀. Èmi kò sọ pé kí òṣìṣẹ́ má jẹ èrè. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Ẹni tó kọ́ ọ ti kú. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Táyélolú mú ẹ̀pà kan. "Ẹni tó bá ti ń mu ún láti kékeré, tó wá dáwọ́ dúró, báwo ló ṣe máa ń rí, sà?"

Ọkùnrin náà kò fọ ẹ̀pà mọ́. "Ara tó bá ti fi ọ̀pá rìn dàgbà, bí o bá gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀..." Kò parí rẹ̀. "Ìwọ ti kọ́ ara rẹ láti rìn láìsí ọ̀pá. Kẹ́hìndé kò kọ́ ọ."

Táyélolú rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un nígbà tí ìrora tó kọjá mú un láyà. Nọ́ọ̀sì náà ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní bí òmíràn bá tún dé bíi irú èyí, òun kò mọ ohun tí òun yóò tún sọ fún ìyá rẹ̀. Ikú kan wà níwájú òun, ikú kan sì wà níwájú Kẹ́hìndé. Ìgò kan ló dúró láàárín wọn. Ṣé kí òun máa di àpò mú títí láé ni?

"Ṣé kí n fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí Adájọ́?"

"Ẹ fi ránṣẹ́, sà."

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin ń kọ orin ìkórè lọ́wọ́. Ohùn Kẹ́hìndé ló wà lókè gbogbo ohùn, ó ń lọ bí ẹyẹ tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ wà. Táyélolú mọ orin náà. Ó mọ ibi tí Kẹ́hìndé ti ń kánjú, tó yẹ kó fi sùúrù gùn ún. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, olùkọ́ orin sọ pé ohùn Táyé ló dùn jù, èémí ni kò gbè é. Ohùn tí kò ní èémí dà bí fìtílà tí kò ní epo. Wọ́n fi í sí ìlà ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà wọ́n fún un ní iṣẹ́ títo ìwé orin.

Kẹ́hìndé rí i. "Ẹ jẹ́ kí Táyé wá dá ẹsẹ yìí fún wa," ó wí fún àwọn yòókù. "Òun ló mọ̀ ọ́n jù."

Gbogbo wọn yíjú sí i pẹ̀lú àánú. Àánú yẹn ni kò lè fara dà. Ọwọ́ Kẹ́hìndé kò ṣófo rí, kí ni yóò ná an láti fúnni?

"Mo ti gbọ́," ó wí. "Ẹ máa bá a lọ."

Nígbà tí wọ́n túká, àwọn méjèèjì dúró lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mo ti pè ọ́ lẹ́jọ́," ni Táyélolú wí.

Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín. "Ẹjọ́ kí ni? Ṣé mo tún jẹ ẹran rẹ ni?"

"Ẹjọ́ ìgò."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń fà sínú iyanrìn.

"Òfin ní ẹni tó kọ́kọ́ jáde," ni Táyélolú wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Màmá ló ṣì í dáhùn."

Kẹ́hìndé jókòó lórí gbòǹgbò igi náà. "Ó ti pẹ́ tí o ti ń rò ó?"

"Òfin yẹn, àná ni mo gbọ́ ọ. Owú rẹ ni mo ti ń jẹ tipẹ́."

"Owú tèmi?"

"Ojú rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn. Àní bó o bá ń sùn, mo máa ń jowú bó o ṣe ń sùn. Ṣé o mọ̀ pé o kì í yí ara padà? Ẹni tí nǹkan kan kò dùn ló ń sùn bẹ́ẹ̀. Èmi a jókòó tì ọ́, mo ń ka ìrora mi, ìwọ ń hanrun."

"N kì í hanrun."

"O ń hanrun, Kẹ́hìndé. Bi ọkọ rẹ léèrè lẹ́yìn ìkórè."

Kẹ́hìndé fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. Ó ń fi ìka ya ilẹ̀. "Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo fi ẹnu gbé e wá fún ọ?"

Táyélolú rántí. Kò fẹ́ rántí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín ni nígbà náà. Òun wà lórí ẹní, ó ń sunkún, nígbà tí Kẹ́hìndé sáré dé láti orí òkè, ètè rẹ̀ pa dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ó ti tan ẹ̀rọ jẹ, ó mi ọ̀fun rẹ̀ láìgbé nǹkan kan mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí ẹní, ó da oògùn náà sẹ́nu àbúrò rẹ̀ bí ẹyẹ tó ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n oògùn tí kò bá dé ikùn ẹni tó ni ín kíá, wọ́n ti ṣe é kó bàjẹ́. Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ náà, ìyá wọn sì fi omijé jẹ ẹ́ níyà.

"Omi iyọ̀ ni," ni Táyélolú wí.

"Mo mọ̀. Ó ti di omi iyọ̀ lẹ́nu mi kí n tó dé ilé. Mo ní bóyá lẹ́nu tìrẹ, yóò tún yí padà."

Táyélolú kúrò níbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má baà rọ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ó yíjú padà. "Ọjọ́rú ni ẹjọ́."

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, Ilé Ìṣí kún. Kò sí ẹni tó lè fi ẹjọ́ pamọ́ ní Òkè-Ìtura. Ìyá Ìbejì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di ojú, ó ń gbàdúrà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Baba Olúdípẹ̀ wà pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì tó ti dàgbà, wọ́n ń dúró de tiwọn ní ojú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyèdé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn.

Gíláàsì fífẹ̀ kan bí ilẹ̀kùn ni Adájọ́-Òkèèrè. Kò ní ojú. Ohùn nìkan ló ní.

"Ta ló pe ẹjọ́?"

"Èmi, Táyélolú."

"Ta ni orúkọ wà lórí rẹ̀?"

"Èmi, Kẹ́hìndé."

"Ẹ gbé ọwọ́ lé mi."

Gíláàsì náà tutù bí òkúta odò. Ọwọ́ wọn wà lórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọwọ́ kan náà, àfi pé ọ̀kan sanra, èkejì sì fi egungun hàn. Táyélolú ti to ọ̀rọ̀ sínú. Bí Kẹ́hìndé bá sọ báyìí, òun yóò dá a lóhùn báyìí. Kò sùn nítorí rẹ̀.

"Ẹni tí orúkọ wà lórí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ni Adájọ́ wí. "Kẹ́hìndé, ta ló kọ́kọ́ jáde?"

"Táyé ni." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Òun ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ fún un ní ìgò náà. N kò bá a jà."

Ìyá Ìbejì la ojú. Ẹnì kan lẹ́yìn fọwọ́ bo ẹnu.

"Òótọ́ ni," ni Adájọ́ wí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Táyélolú tò sílẹ̀ kò wúlò mọ́. Ó yíjú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú Kẹ́hìndé jọ̀lọ̀, ó mọ́, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ohun àtijọ́ náà sì tún ru sókè ní àyà Táyélolú, ó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kẹ́hìndé tún ti ṣáájú mi, ó wí nínú ọkàn rẹ̀. Àní nínú ìfifúnni, ó tún ti ṣáájú mi. Bí ìgò bá di tèmi, òun náà ni yóò tún jẹ́ ẹni rere. Wọn yóò máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, wọn yóò sì máa fi ojú wò mí. Kí ni nǹkan tí ọmọbìnrin yìí kò ní kọ́kọ́ ní?

"Táyélolú," ni Adájọ́ wí, "ṣé ìwọ ni àgbà ilé? Dáhùn, kí n parí ẹjọ́."

Ó la ẹnu. "Èmi ni" ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Nígbà náà ni ìbéèrè kan dé ọkàn rẹ̀. Bóyá Ẹ̀mí Mímọ́ ló gbé e síbẹ̀, bóyá àárẹ̀ ni, Ọlọ́run ló mọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni àgbà, owú ta ni mo ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá? Ta ló ń jowú ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ̀yìn Kẹ́hìndé ni òun ti ń wò láti ìgbà tí òun ti mọ nǹkan wò. Ta ló sì sáré bọ̀ láti orí òkè, tó fi ẹnu gbé oògùn wá? Àgbà ló ń bọ́ ọmọdé bẹ́ẹ̀.

Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde," ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni àgbà. Kẹ́hìndé ni àgbà mi. Òun ló rán mi wá."

"Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni àgbà."

"Bóyá nílé tiyín. Nílé wa, ẹni tó ránni níṣẹ́ ni àgbà. Iṣẹ́ ni mo wá jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìgò rẹ̀ máa jẹ́ tirẹ̀."

"Táyé," ni Kẹ́hìndé wí lábẹ́lẹ̀, "pa ẹnu rẹ mọ́."

"Ìwọ pa tìrẹ mọ́. Gbogbo ìgbà lo máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Gíláàsì náà pọ́n, ó di àwọ̀ ewé, ó tún pọ́n.

"N kò rí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé," ni Adájọ́ wí níkẹyìn. "N kò rí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ Táyélolú. N kò rí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ìyá wọn sọ lọ́jọ́ kìíní. Òfin ní àgbà àti àkọ́bí, ẹnì kan ni. Níhìn-ín, ẹni méjì ni. N kò lè parí rẹ̀. Ìbéèrè yìí yóò lọ sí òkèèrè."

"Ìgbà wo ni ìdáhùn yóò dé?" ni Kẹ́hìndé béèrè.

"Ìgbà tó bá dé."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí mi èjìká Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyèdé. Ó fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. "Ìbéèrè tó lọ sí òkèèrè gbẹ̀yìn," ó wí, "irun ṣì kún orí mi nígbà náà, ìdáhùn rẹ̀ kò tíì dé dòní." Ó tún ara ṣe, ó súnmọ́ gíláàsì náà. "Adájọ́, kí ni òfin wí nípa oògùn nígbà tí ẹjọ́ kò bá tíì parí?"

"Kí àwọn méjèèjì máa gbà á."

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ níbi tó wà. Kò pariwo. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá orin ìdúpẹ́ sílẹ̀ ní ohùn kékeré, àwọn mìíràn sì gbè é, wọ́n rọra ń kọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ kó wá yí ọkàn padà.

Lẹ́yìn gíláàsì, ẹ̀rọ apoògùn kùn díẹ̀. Ìgò méjì jáde sórí pẹpẹ. Táyélolú gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ti ọwọ́ òsì. Ìgò náà wò ó pẹ́, bí ẹni tí wọ́n mú àlejò wá bá. Iná rẹ̀ yí padà, ó ṣí, ó sì wí "ṣíọ̀" fún òun náà.

Ní ojú fèrèsé kejì, ó ti kan Baba Olúdípẹ̀.

"Ta ni àgbà ilé yín?" ni ẹ̀rọ béèrè.

Baba náà wo ẹ̀yìn, ó wo Táyélolú, lẹ́yìn náà ó fa àbíkẹ́yìn rẹ̀ síwájú, géńdé kan tó ní irùngbọ̀n. "Ẹ̀rọ, fara balẹ̀, kí n ṣàlàyé fún ọ. Ọjọ́ tí bàbá mi kú ni wọ́n bí èyí. Babátúndé ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é ní Baba. Èmi tí mo bí i gan-an, Baba ni mo ń pè é. Ìwọ bi ara rẹ léèrè: ta ni àgbà nílé wa?"

"Ẹ gbé ọwọ́ lé mi," ni ẹ̀rọ wí, ó sì dà bí ẹni pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Táyélolú kò tíì mu tirẹ̀. Ó ti tẹ orí ba títí ojú rẹ̀ fi bá pẹpẹ dọ́gba, ó ń wo ìgò méjèèjì.

"Kí lò ń wò?" ni Kẹ́hìndé béèrè.

"Tìrẹ kún ju tèmi lọ."

Kẹ́hìndé náà tẹ orí ba, ó wò ó. "Wọ́n dọ́gba."

"Ẹni tó bá ní púpọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Táyé, mu oògùn rẹ. Mú àpò yẹn wá kí n bá ọ dì í mú."

Ó gbé àpò náà fún un, ó sì gbé ìgò sẹ́nu. Ó korò. Ní gbogbo ọdún tó fi jowú rẹ̀, kò rò ó rí pé yóò korò. Ó fẹ́ bínú sí Kẹ́hìndé pé kò sọ fún òun, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí ènìyàn sọ̀rọ̀ títí yóò fi kọjá ọ̀nà ọ̀fun, nítorí náà ó di ojú, ó gbé e mì. Kẹ́hìndé dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, ó ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ti lọ sókè tó tún padà sísàlẹ̀.